Ogójì Kọ́ Ni Sáìsì Wa

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́, ayọ̀ ni mo gbé wá. Mo ti mọ sáìsì kọ́mú mi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ogún ọdún ni mo fi wọ èyí tí kì í ṣe tèmi.

Ẹ ò mọ̀ pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ, èjìká fẹ́ gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ mi. Ní ilé-ìwé wa ní Imota, bí mo bá nawọ́ sókè láti kọ nǹkan sójú pátákó, ẹ̀yìn kọ́mú á gòkè, okùn rẹ̀ á sì wọ̀ mí lára. Ìdajì pátákó ni mo ń lò. Òrí ni mo ń fi ra èjìká láràárọ̀, bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń ṣe. Mo gbà pé ẹrù ìdílé ni, ọyàn ńlá tí mo jogún lọ́dọ̀ yín. Mo tiẹ̀ ti kọ̀wé sí ọ̀gá wa pé kí wọ́n gbé mi kúrò ní kíláàsì lọ sí ọ́fíìsì, inú mi sì bàjẹ́ gan-an.

Ní Sátidé, mo lọ ra kọ́mú ní Gáréèjì Ìkòròdú. Mo bèèrè ogójì B, mo nà án sórí bùbá mi láti fi wò ó, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Obìnrin tó ń tà á wo ẹ̀yìn mi títí.

"Àǹtí, nọ́ńbà télọ̀ lẹ̀ ń rà yìí o. Orí ọyàn ni télọ̀ ń wọ̀n. Kọ́mú, abẹ́ ọyàn lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n nílé ná, kẹ́ ẹ padà wá."

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni.

Màámi, ẹ̀yin télọ̀ tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n gbogbo obìnrin Ẹ̀pẹ́, báwo lèyí ṣe bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́? Ogójì tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé yín nígbà tẹ́ ẹ rán aṣọ ìyàwó mi, ti bùbá ni. Òun náà lẹ fi ra kọ́mú fún mi, mi ò sì yí i padà mọ́. Ogójì kan náà lẹ̀yin náà ń wọ̀, àbí?

Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn, mo fa téèpù yí abẹ́ ọyàn, ó lẹ̀ mọ́ mi lára dáadáa: mẹ́rìndínlógójì. Mo fà á yí orí ọyàn láìfún un: ogójì. Ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tí orí ọyàn fi ju abẹ́ lọ ní lẹ́tà tirẹ̀, ìkẹrin sì ni D. Mẹ́rìndínlógójì D nìyí, tó ń wọ ogójì B kiri.

Mo padà lọ rà á. Mo fi ìkọ́ ìta, èyí tí kò fún jù, há a, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, kò mira. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo kọ pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa rí i, wọ́n fa lẹ́tà tí mo kọ sí wọn ya lójú mi.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Lọ́jọ́ tí a wẹ̀ yín kí a tó sin yín, mo rí ipa okùn méjì tó jìn lórí èjìká yín, mo sì rò pé ọjọ́ orí ni. Ẹ foríjì mí, Màámi. Mo sunkún sí i lánàá.

Lẹ́yìn náà mo pe Rófíà, ọmọ-ọmọ yín, tó ti pé mẹ́tàlá. Abẹ́ ni mo kọ́kọ́ wọ̀n. Kò sí ipa okùn kankan lórí èjìká rẹ̀, kò sì ní sí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ń kọ pátákó kún.