Ta Ló Ní Mi Ò Fa Rimorchio Mọ́?

Nichelino,
Oṣù Keje, ọdún 2025.

Idrees ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ, mo kí Fathiyyah ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ jòjòló tí Ọlọ́run fi ta yín lọ́rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ara líle ní Padua, kí ooru tó ń mú lásìkò yìí má ṣe kó àárẹ̀ bá ọmọ náà. Ara èmi àti ìyá rẹ le, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, ìwọ lo sì bà á jẹ́. Mo ti kí ọ tán bí ó ṣe yẹ kí baba kí ọmọ. Jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Ìyá rẹ ní kí n pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní rárá. Bí mo bá pè ọ́, èmi á máa sọ Yorùbá, ìwọ á máa fi èdè Ítálì dá mi lóhùn, "Sì, papà, va bene, papà," pé bẹ́ẹ̀ ni, pé ó dára, títí ìbínú mi á fi rọlẹ̀ láìjẹ́ pé o gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí mo sọ. Ìyá rẹ ló kọ́ ọ bí a ṣe ń ka Yorùbá, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ já sí asán. Ibi tó bá le, tún un kà.

Ṣé o rántí ọjọ́ Jímọ̀ tí o bá mi lọ tún patente mi, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi, ṣe ní Turin? Nígbà tí mo ń wa tírélà fún iléeṣẹ́, patente ńlá ni mo ní. Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí mo sì ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, wọ́n ní bí mo bá fẹ́ di ti tírélà mú, mo gbọ́dọ̀ máa lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn dókítà lóòrèkóòrè. Mo ní n kò fẹ́ wàhálà yẹn. Kí wọ́n gba ti tírélà, kí wọ́n fi BE sílẹ̀ fún mi, èyí tí òfin fi gbà mí láyè láti so rimorchio ńlá, ọkọ̀ ẹrù tí a ń fà lẹ́yìn, mọ́ ìdí furgone akẹ́rù mi. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ nínú ọkọ̀ kí a tó débẹ̀. Dókítà wọn ní kí n ka àwọn lẹ́tà ara ògiri, mo kà wọ́n dé ìlà tó kéré jù lọ, ó ní ojú mi dára ju tòun lọ. Ìṣojú rẹ ló ti sọ ọ́.

Àsìkò ìrun Jímọ̀ ti wá ń lọ, ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà kò sì yára. Mo bi í pé níbo ni kí n fọwọ́ sí, mo fọwọ́ sí ìwé náà ní òfìfo, mo sì sọ fún ọ pé, "Idrees, bá mi parí èyí tó kù. BE ni o." Mo sáré lọ kírun. Bí èèyàn kò bá lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó bí kó lọ jọ́sìn fún Ọlọ́run, ta ló tún fẹ́ fi í sílẹ̀ fún? Nígbà tí patente tuntun dé, àwòrán mi nìkan ni mo wò. Mo rí i pé irùngbọ̀n mi ti funfun, mo rẹ́rìn-ín, mo tì í bọ àpò.

O mọ iṣẹ́ tí mo ń fi rimorchio yẹn ṣe, ṣùgbọ́n màá tún un sọ, nítorí ó jọ pé o ti gbàgbé. Ní gbogbo ìgbà òtútù ni mo ń ṣa kẹ̀kẹ́ tí àwọn èèyàn kò fẹ́ mọ́ ní Nichelino àti Turin, tí mo ń pààrọ̀ táyà, tí mo ń tún bíréèkì ṣe. Bí àsìkò èso bá dé, màá kó wọn lọ sí Saluzzo fún àwọn ọmọ wa tó ń já èso níbẹ̀. Oko jìnnà sí ibi tí wọ́n ń sùn, kò sì sí bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀ ní ìdájí. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ ló ń tètè dé, ẹni tó bá sì tètè dé ni ọ̀gá oko ń mú. Bí iṣẹ́ bá parí, màá padà lọ kó àwọn kẹ̀kẹ́ náà wálé. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹ́ èèyàn láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó kẹ̀kẹ́ kún inú rimorchio, mo dojú kọ Saluzzo. Mi ò tíì débẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá carabinieri fi dá mi dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn wo patente mi, ó yí i padà, ó tún un wò. Ó ní, "Signore, lei non può trainare," pé n kò láṣẹ láti fa nǹkan. Mo ní kó wò ó dáadáa, pé láti ìgbà tí wọn kò tíì bí i ni mo ti ń fa nǹkan lójú títì yìí. Ó nà án sí mi. B nìkan, ti ọkọ̀ láìsí rimorchio ńlá, ló wà níbẹ̀. Etí títì ni mo ti tú rimorchio mi kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, níṣojú gbogbo ẹni tó ń kọjá, bí ẹni tó jí i gbé. Ọpẹ́lọpẹ́ àgbẹ̀ kan nítòsí tó fi katakata rẹ̀ fà á wọ àgbàlá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ṣì wà, tòun ti kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀.

Èmi rò pé ọmọbìnrin orí kọ̀ǹpútà yẹn ló ṣàṣìṣe. Mo gbé ìbínú lọ bá a, èébú ti wà lẹ́nu mi. Ó rántí wa dáadáa. Ó ní, "Ọmọ yín ló sọ pé ẹ ti dàgbà, ẹ kì í fa nǹkan kan mọ́. Mo tún un bi í, ó ní B ti tó yín." Ó ní bí mo bá tún fẹ́ BE, àfi kí n lọ ṣe ìdánwò. Mo wá ń bẹ ọmọ ọlọ́mọ pé kó má bínú. Idrees, a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí baba rẹ lo fá yìí, nígbà tí baba rẹ wà lórí ìrun.

Mo kọ́kọ́ sọ fún ara mi pé àánú mi ló ṣe ọ́. Ìbá jẹ́ àánú ni, ǹ bá jágbe mọ́ ọ, kó sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Jàmílátù àbúrò rẹ rí bí mo ṣe ń pòṣé káàkiri ilé, ó sì sọ ohun tí o sọ fún un. Ó ní láti ọjọ́ ìkómọ ọmọ rẹ ni o ti ń tijú mi. Mo gbé rimorchio wá sí Padua lọ́jọ́ yẹn, ìkòkò tí ẹ fi se oúnjẹ fún àlejò wà nínú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí ẹnì kan fún mi lójú ọ̀nà náà sì wà níbẹ̀. O ní kí n lọ gbé e sí òpópónà kejì, pé kò sí àyè. Àyè wà. Irewọlédé ọ̀rẹ́ rẹ tó ń báni ta ilé ló rí mi, tó rẹ́rìn-ín, tó bi ọ́ pé ṣé irin àlòkù ni baba rẹ ń ṣà kiri. O kò lè dá ọ̀rẹ́ rẹ lóhùn, patente mi lo lọ gé.

Olè ló yẹ kó tijú. Èmi kò jalè. Nígbà tí wọ́n kó wa jáde nínú ilé tí a ń gbé ní Via Anelli ní Padua, lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ògiri yí wa ká bí ẹran, rimorchio tí mo yá ni mo kó bẹ́ẹ̀dì rẹ lé, tí o ń sunkún pé kí n má gbàgbé bọ́ọ̀lù rẹ. O kò tijú lọ́jọ́ náà. Lónìí, o wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ sí ọ́fíìsì, o wá rò pé ayé ti tó ọ tọ́ wò. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn kan tó ń jẹ́ Adésànmí ni ọ̀rọ̀ yìí wá bọ́ sí lára. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni mo ti ṣèlérí kẹ̀kẹ́ fún un. Ó ń retí mi, kò rí mi, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Ó ń pẹ́ dé, ọ̀gá oko sì fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù. Kò bú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?" Ṣé kí n sọ fún un pé ọmọ mi ló ń tijú mi?

Gbọ́ ohun tí o máa ṣe. Sátidé tó ń bọ̀, wá sí Nichelino. N kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, má sì rán Fathiyyah sí mi, nítorí o mọ̀ pé mi ò lè bínú sí i. Èmi àti ìwọ la jọ máa lọ sí àgbàlá àgbẹ̀ yẹn. Furgone nìkan kò lè kó kẹ̀kẹ́ púpọ̀, nítorí náà a óò máa lọ, a óò máa bọ̀, títí rimorchio á fi ṣófo. Ìwọ ni o máa sọ wọ́n kalẹ̀ ní Saluzzo. Bí àwọn ọmọ yẹn bá bi ọ́ pé kí ló fà á tó fi pẹ́, ẹnu ara rẹ ni kí o fi sọ fún wọn, ní Yorùbá. Adésànmí ni kí o kọ́kọ́ fún ní tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí o tẹ̀ lé e lọ bá ọ̀gá oko, kí o fi èdè Ítálì dáadáa tí o ń fọ̀ sí mi létí bá a bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀.

Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n n kò gbé ọ ṣépè, n kò sì ní í ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé rẹ. Kó fún ọ ní iṣẹ́ tí kò ní í bọ́, àti ara tí á lè ṣe é. Kí ọmọ tí o gbé jó lọ́jọ́ ìkómọ dàgbà lójú rẹ, kó tọ́jú rẹ, kó má sì fi ọ́ pamọ́ sí òpópónà kejì nígbà tí àlejò rẹ̀ bá dé. Àmín.

Èmi ni baba tó bí ọ,
Sùlèímọ̀n.

Àfikún: Ìyá rẹ ní kí n má sọ èyí fún ọ, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Mo ti forúkọ sílẹ̀ ní autoscuola, ilé-ìwé àwọn awakọ̀, tó wà nítòsí ilé wa, mo fẹ́ ṣe ìdánwò BE láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lè bí baba àwọn tí a jọ jókòó níbẹ̀. Nítorí náà, bí Irewọlédé bá tún bi ọ́ ní ohun tí baba rẹ ń ṣe, má tijú mọ́. Sọ fún un pé baba rẹ wà nílé-ìwé.