Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Gbà ní Iworo

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Orí ilẹ̀ òyìnbó tó tutù bíi yìnyín ni mo kúnlẹ̀ sí kí yín. Mo kí ìyá mi nídìí ààrò ẹja, mo kí gbogbo ará Iworo tó bá ka lẹ́tà yìí nínú ìwé ìròyìn.

Iṣẹ́ ń lọ, bí a bá lè pè é níṣẹ́. Ilé ìwádìí àìsàn tí mo ti ń to ìgò ẹ̀jẹ̀ gba ọkùnrin kan wá láti kọ́ wa bí iṣẹ́ ṣe ń yá. Ó di aago mú, ó ń ka ìṣẹ́jú tí mo fi ń fọwọ́. Aláìníṣẹ́. Wọ́n tún ra ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹgbẹ̀rún ìgò ẹ̀jẹ̀ wò lóòjọ́, wọ́n wá ń yan kiri bí ẹni pé àwọn ló bí i. Kò sẹ́ni tí mò ń bá sọ Yorùbá níbí àfi ara mi.

Ṣé ẹ rántí àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ yín lábẹ́ igi àgbọn, tí wọ́n ń pín ọṣẹ àti mílíìkì? Ọ̀dọ̀ wa ni ẹ̀jẹ̀ yẹn dé. Ẹ̀rọ sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta ní Iworo kò yàtọ̀ síra rárá: Sewanu, Hunsu, Mautin. Ọ̀gá wa ní aráyé ò rí irú ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣèpàdé lé e lórí, àwọn tó ń ka ìṣẹ́jú tí mo fi ń fọwọ́. Wọn ò bi ọmọ Iworo tó jókòó tì wọ́n.

Ojú mi sì ló ṣe, kí n tó kúrò nílé wá síbí. Ẹ fi Sewanu tí í ṣe orúkọ yín gba ọṣẹ láàárọ̀. Ẹ dé fìlà lọ́sàn-án, ẹ di Hunsu, ẹ̀gbọ́n yín tó ti kú. Nírọ̀lẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀wù, ẹ di Mautin, àbúrò yín tó wà ní Kútọnu. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí.

Mo sọ fún ọ̀gá. Ojú tì í, ó ní kí wọ́n yọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kíṣẹ́ máa lọ. Mo bi í pé àìsàn ẹ̀dọ̀ tí ẹ̀rọ rí níbẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò sọ fún ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Ó ní ìyẹn máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n kó mi nírìíra. Pẹ̀lú gbogbo ìyára wọn, wọn ò lè kọ lẹ́tà kan.

Mo pè yín lórí fóònù, ẹ ní ara yín le. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síta, torí ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ gba ọṣẹ. Gbogbo ẹni tó fún wọn lẹ́jẹ̀, kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò ní ọsibítù. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣíwájú wọn.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí àwọn ará Kankon àti Mowo. Bàbá, orúkọ mẹ́ta lẹ fún wọn, ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo lẹ ní.

Ọmọ yín tó ń retí ìròyìn ọsibítù,
Sejiro