Yàrá Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó kọ lẹ́tà yìí láti òwúrọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo dìde. Ara mi kò balẹ̀. N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Mo gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo tún sọ̀ kalẹ̀, mò ń yí ilé po bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Kùrukùru ti bo gbogbo Ẹ̀fọ̀n, n kò rí ju kìnnìún símẹ́ńtì méjèèjì tí bàbá yín gbé sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí kòkó ṣì ń pawó.

Bàbá, mo ti ṣí yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn.

Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré lẹ ti ń sọ fún mi pé ejò wà níbẹ̀, mo sì gbà á gbọ́ títí mo fi wọ yunifásítì. Lẹ́yìn ìyẹn mo ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kí ẹ tó bọ́ agbádá, ẹ ó gbé àpótí síwájú ilẹ̀kùn yẹn, ẹ ó fẹ̀yìn tì í, ẹ kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀yin àti ejò ń ṣèpàdé. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ foríjì mí. Kí ló wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ rẹ́rìn-ín yẹn?

Òjò ọdún yìí ló fà á. Ògiri ẹ̀yìn àtẹ̀gùn là láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíríkìlà tí mo pè sì ní òun kò lè tún un ṣe láìwọ inú yàrá. A wá kọ́kọ́rọ́ títí nínú ẹrù tí ẹ̀yin àti Màmá fi sáyé lọ, a kò rí i. Lọ́jọ́ Ẹtì ó fi òòlù já àgádágodo. Igi wà lọ́wọ́ mi, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ejò.

Kò sí ejò kankan. Sàréè kékeré kan ló wà láàárín ilẹ̀, tí a fi ẹfun kùn, kò gùn ju ibùsùn ọmọdé lọ. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Orúkọ mi, orúkọ yín, àti ọjọ́ ìbí mi gan-an, tí a fi ìṣó kọ nígbà tí símẹ́ńtì ṣì tutù. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ni, èyí tí ẹ fi ń kọ̀wé sójú pátákó. Bíríkìlà kà á jáde, ó wò mí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní ó di ọjọ́ Ajé.

Mo bá àbúrò yín, Àǹtí Dúpẹ́, ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Kò bi mí ohun tí mo rí. Ó ti gbọ́ ìró òòlù. Ó sọ fún mi pé ẹ bí ọmọbìnrin kan, pé ó ti pé ọmọ ọdún méjì kí ibà tó pa á, pé ẹ gbé e wá sin síbí, àti pé Màmá kò jẹun, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìkòrò lẹ ti ń ṣe tíṣà nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yín kan lóyún, bàbá rẹ̀ lé e jáde, ẹ gbà á sọ́dọ̀, ó sì bí mi. Ẹ gbé mi fún Màmá. Ẹ fi orúkọ olóògbé pè mí, ẹ fi ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ mú mi wọ ilé-ìwé. Abájọ tí mo fi kéré jù ní kíláàsì. Abájọ tí ẹ kò fi gbé mi wá sí Ẹ̀fọ̀n títí mo fi dàgbà díẹ̀.

Àǹtí di ọwọ́ mi mú. “Ọmọ ulé yìí ni ọ́,” ó ní. “Má jẹ̀ẹ́ kí sàréè sọ ohun mìíràn fún ọ.”

Mo bi í bóyá obìnrin náà ṣì wà láàyè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì wà ní Ìkòrò.

Lánàá mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìkòrò. Ojú ń tì mí láti sọ èyí, ṣùgbọ́n ta ni n ó sọ ọ́ fún bí kò ṣe ẹ̀yin? Ní gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn, ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò: akẹ́kọ̀ọ́ yín ni, ọ̀dọ̀ yín ló sì bímọ sí. Mo fura sí yín. Èyí tó burú jù ni pé mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ti dẹ́ṣẹ̀, Bàbá, kí ẹ̀jẹ̀ yín lè wà lára mi.

Obìnrin náà ń bó gbágùúdá lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Èéjì mi wà lẹ́nu rẹ̀. Kí n tó kúnlẹ̀ kí i, ó ti fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wọlé, ó gbé páálí bàtà kan jáde, fọ́tò mi ló kún inú rẹ̀: èyí tí mo wọ aṣọ ilé-ìwé, èyí tí mo wọ aṣọ ìgboyè, àti èyí tí mo gbé àkọ́bí mi dání. Ó ní ẹ̀yin lẹ ń mú wọn wá ní gbogbo ọdún Kérésìmesì, nígbà tí ẹ bá sọ fún wa pé ẹ ń lọ sípàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ kò sọ orúkọ mi fún un rí.

Mo bi í ní ìbéèrè mi.

“Awakọ̀ tó ń kó kòkó ni bàbá rẹ,” ó ní. “Kò padà wá. Tíṣà kò fọwọ́ kàn mí rí. Ọmọ ló ń pè mí.”

Mo sunkún. Ó rò pé ayọ̀ ni.

Ó wá sọ fún mi pé, nígbà tí kò sẹ́ni tó sọ orúkọ mi fún òun, òun fúnra òun sọ mí lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́nu òun nìkan. Ó pe orúkọ náà sí mi létí. Kò sí òkú tó ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí mò ń padà bọ̀ mo pè é lẹ́ẹ̀kan nínú atẹ́gùn. Ọlọ́kadà bi mí ohun tí mo wí. Mo ní kò sí.

Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àǹtí Dúpẹ́ ti ń gbá yàrá òkè dè é, ó ní òun ti ń retí rẹ̀ ṣáájú kí irun òun tó funfun. Ṣé ẹ óò fẹ́ kó wọ ilé yìí? N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi orúkọ yẹn pè mí níwájú gbogbo ará ilé, Bàbá, n ó dá a lóhùn.

Èmi ni,
ọmọ tí ẹ yàn.