Yàrá Iwájú tí Mo Fi Sùúrù Pàdánù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé onílé kò yọ ọ́ lẹ́nu? Tí o bá ń béèrè tiwa, a wà láàyè, a sì ń dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi ọ̀tún ti ń bá mi ṣọ̀tá láti ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìyá rẹ sì ní mo jẹ̀bi. Ọlọ́run tí ó mú ọ jáde nílé yìí pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo yóò mú ọ padà wálé pẹ̀lú ẹrù tí ọkọ̀ kan kò ní gbà tán. Ojú kò ní tì ọ́, ọwọ́ rẹ kò sì ní padà lófìfo.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ka ibi tí o ti ṣàlàyé ìdíje káàdì yẹn, èyí tí o pè ní póókà, lẹ́ẹ̀mẹrin. Inú kọ́kọ́ bí mi, torí mo rò pé tẹ́tẹ́ ni, àfìgbà tí mo dé ibi tí o ti ní ẹ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ jókòó. Ọkàn mi balẹ̀. Ohun tó bá ti ní fọ́ọ̀mù, ìjọba mọ̀ sí i, ohun tí ìjọba bá sì ti mọ̀ sí kì í ṣe tẹ́tẹ́ mọ́, iṣẹ́ ni. Àwòrán rẹ náà dé inú fóònù ìyá rẹ. A rí ọ nídìí tábìlì, dígí dúdú wà lójú rẹ, o fa fìlà bo iwájú orí, o sì ki nǹkan funfun méjì bọ etí. Ìyá rẹ sunkún díẹ̀, ó ní ojú ń dùn ọ́, etí ń dùn ọ́, wọ́n ṣì ní kí o wá ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ṣàlàyé fún un pé bí wọ́n ṣe ń múra lẹ́nu iṣẹ́ yẹn nìyẹn.

Ọgbọ́n tí o kọ síbẹ̀ ló wọ̀ mí lára jù. O ní níbẹ̀rẹ̀ ìdíje, nígbà tí owó ike róbótó tí wọ́n pín fún yín ṣì pọ̀ níwájú yín, tí èyí tí wọ́n ń fi túláàsì gbà kí wọ́n tó pín káàdì ṣì kéré, ọlọ́gbọ́n kì í jà. Bí wọ́n bá pín káàdì fún un lẹ́ẹ̀mẹwàá, á dá mẹ́jọ padà. Á máa wo àwọn yòókù, ta ló ń fọwọ́ kan etí, ta ló ń mu omi jù, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n rí ojú tirẹ̀. O ní kò sẹ́ni tó ń gba ife ẹ̀yẹ ní wákàtí àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti pàdánù rẹ̀ níbẹ̀. O wá fi ayọ̀ sọ fún mi pé lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, owó ike ọwọ́ rẹ kò lé, kò dín, iye tí wọ́n fún ọ láàárọ̀ náà ni. Kí n má parọ́, ibẹ̀ rú mi lójú. Bí aránṣọ bá jókòó láti àárọ̀, tí aṣọ tí wọ́n kó fún un ṣì wà bí wọ́n ṣe kó o wá, a kì í kí i pé ó kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kàwé.

Ìdí tí mo fi di ọgbọ́n náà mú ni pé ìpàdé ẹbí ti sún mọ́lé. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, a kò tíì pín ilé, olórí ẹbí sì ti dá ọjọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ níbẹ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n: yàrá iwájú tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, níbi tí mo ti ń fi ẹ̀rọ bàbá mi ránṣọ láti ọdún méjìlélógún. Ojú mi kò gbé e mọ́, ọmọ mi. Bí mo bá kúrò níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yẹn ti ń bọ́ sórí ẹ̀rọ, mi ò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́, iṣẹ́ mi sì tán nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí àbúrò mi ayàwòrán ń fojú sí yàrá kan náà, ó ní ibẹ̀ dára fún fọ́tò.

Ṣùgbọ́n mo ní káàdì kan tí kò mọ̀. Bàbá mi kọ ìwé kan sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, mo sì rán an pa mọ́ sáàárín kóòtù mi àti aṣọ inú rẹ̀, ìyá rẹ nìkan ló mọ ibẹ̀. Ó tó ọdún méjìlá báyìí. Mo mọ̀ pé ó sọ pé yàrá iwájú ni tèmi, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gan-an ni mi ò rántí mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo lọ yá dígí dúdú lọ́wọ́ jórinmọ́rin ìsàlẹ̀ títì, mo wọ kóòtù, mo fi sísọ́ọ̀sì mi kọ́rùn bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì ṣáájú gbogbo èèyàn débẹ̀. Ìyá rẹ ní kí òun fọ aṣọ tán ná. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ wa kọ ọ́ pé àwọn kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá jókòó sídìí tábìlì, ó ní ohun tí wọ́n ń rò kò yé òun. Ó ń fún aṣọ rẹ̀ lọ.

Olórí ẹbí bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn nǹkan kéékèèké. Wọ́n mẹ́nu kan àwọn àga, wọ́n ní kí n sọ tẹnu mi, mo ti ọwọ́ síwájú lórí tábìlì bí ẹ ṣe ń ṣe é tí ẹ bá ń dá káàdì padà. Wọ́n kó àga lọ. Wọ́n dé orí ọgbà ẹ̀yìn, mo ti ọwọ́ síwájú. Yàrá ẹ̀yìn méjèèjì lọ, ibùsùn onírin lọ, àpótí ńlá lọ, inú mi sì ń dùn, mo ní kí wọ́n máa para wọn lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ìṣòro kan ṣoṣo ni dígí yẹn. Ẹni tó ń wo iná ni wọ́n ṣe é fún, nínú ilé ó ṣú biribiri, mi ò rí etí ẹnikẹ́ni kí n tó mọ̀ bóyá wọ́n fọwọ́ kàn án. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń mu omi léraléra, mo ní ẹ̀rù ń ba eléyìí, àṣé olórí ẹbí ni, ikọ́ ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ayàwòrán ní tirẹ̀ rò pé àpólò ló ń ṣe mí, ó gbé àga rẹ̀ jìnnà sí mi.

Wọ́n wá béèrè ta ló fẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá wa. Ẹ̀rọ tí mo fi bọ́ ọ, tí mo fi rán ọ níléèwé. Ṣùgbọ́n mo rántí lẹ́tà rẹ, mo ní ìbẹ̀rẹ̀ la ṣì wà, ẹ̀rọ kọ́ ni mo bá wá, bí yàrá bá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹ̀rọ ṣeé wá. Mo ti ọwọ́ síwájú. Ni mo bá gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, òun fẹ́ ẹ. Ìyá rẹ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó ta kò ó, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún un.

Ó kan yàrá iwájú. Ayàwòrán sọ̀rọ̀ títí, ẹnu ń dùn ún. Wọ́n yíjú sí mi. Mo ṣírò ó, a kò tíì lo wákàtí méjì, mo ní ó dìgbà tí ìdíje bá dé ìdajì kí n tó yọ ìwé mi. O kò sọ fún mi pé ìpàdé ẹbí kì í ní ìdajì. Mo ti ọwọ́ síwájú, mo sì gbọ́ tí olórí ẹbí ṣí bírò wọn. Ìyá rẹ bọ́ síwájú. Ó yọ sísọ́ọ̀sì lọ́rùn mi, ó la kóòtù mi láti abíyá dé ìbàdí lójú gbogbo ẹbí, ó fa ìwé jáde, ó sì tẹ́ ẹ síwájú wọn.

Olórí ẹbí kà á sókè. Bàbá mi kọ ọ́ pé yàrá iwájú ni ti ẹni tí ẹ̀rọ ìránṣọ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí wọ́n ṣí ìwé wọn padà láti wo ẹni tó ni ẹ̀rọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Wọ́n ní àgbà tó bá ní sùúrù, ohun gbogbo ló ní. Mo ní sùúrù, ọmọ mi, mi ò ní yàrá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá rẹ ló ṣílẹ̀kùn, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí oníbàárà, n kò mọ̀ bóyá kí n wọlé. Ó ní ṣé àwọn ṣòkòtò yẹn máa rán ara wọn ni. Àga mi wà níbi tó máa ń wà, lábẹ́ fèrèsé, kò sún un rárá. N kò sọ fún un, ṣùgbọ́n mo lè sọ fún ọ pé omi bọ́ lójú mi.

Mo rántí pé o ní ẹni tó bá jábọ́ ní kùtùkùtù lè san owó kí ó tún wọlé. Mo bi olórí ẹbí, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, kí n máa lọ sílé. Mo bi ìyá rẹ, ó ní ó wà. Ó ní kí n lọ ra dígí ojú, èyí tó mọ́ o, kì í ṣe dúdú, torí ó ti sú òun láti máa bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ọjọ́ tí mo bá sì fi ọwọ́ ara mi bọ ọ́ ni òun máa ní kí wọ́n kọ orúkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun. Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó dígí ránṣẹ́. Fi díẹ̀ kún un fún ti jórinmọ́rin, torí mo ti jókòó lé tirẹ̀. Inú fóònù ìyá rẹ ni kí o fi í sí. Mo mọ̀ pé ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde sí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá.

Ó ní kí n bi ọ́ pé, nínú ìdíje yín, ọjọ́ wo gan-an lẹ máa ń mú káàdì?

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o da rere nù níbi tí o ti ń retí èyí tó dára jù ú lọ. Yóò fi ẹni tó máa la kóòtù rẹ lásìkò ṣe aya fún ọ. Wà láàyè fún wa.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ.