Ọkọ̀ Karùn-ún Tó Jẹ́ Orúkọ Ọkọ̀ Bàbá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wa àtàwọn ọmọ wà? Orúnkún Ìyá ti ń gbọ́ràn. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ bá a wí dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ lórí fóònù. Níbi iṣẹ́ wa tí a ti ń kan ọkọ̀ ogun ojú omi, ọ̀gá ní kí n kọ orúkọ sára ọkọ̀ tuntun. Bí mo ṣe rí orúkọ náà, búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ mi. Orúkọ ọkọ̀ tí Bàbá wa bá rì sókun ni.

Mo lọ bá akọ̀wé àgbà: "Kí ló dé tí ẹ tún fi ń lo orúkọ ọkọ̀ tó rì?"

Ó ṣí ìwé àtijọ́ hàn mí. Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ márùn-ún ló ti jẹ́ orúkọ náà láàárín ọ̀ọ́dúnrún ọdún! Èkíní, pákó ni, afẹ́fẹ́ ló ń tì í. Èkejì jóná. Ẹ̀kẹta gbó kí wọ́n tó tú u. Ẹ̀kẹrin ni ti Bàbá, tuntun yìí ló ṣe ìkarùn-ún.

Ó ní, "Ọkọ̀ ló rì, ọmọ mi. A ò jẹ́ kí orúkọ bá a lọ."

Mo kọ ọ́ láìbi yín léèrè. Ẹ má bínú. Lánàá, mo mú Ìyá lọ wò ó. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti lọ, kò dárúkọ ọkọ̀ yẹn rí. Ó gbọ́wọ́ lé orúkọ náà, ọ̀dà tútù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì kà á sókè ketekete.

Ó ní, "Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó wá wò ó kí ọkọ̀ tó wọ omi."

Mo mọ̀ pé ẹ ń sá fún etí òkun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ọlọ́run á ṣọ́ yín délé.

Àbúrò yín obìnrin