Tíkẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ àti Agogo Ẹnu Ọ̀nà Sìmíátù

Àtìní, 13 Oṣù Ọ̀wàrà 2025
Mi ò mọ̀wé. Fóònù ni mò ń sọ̀rọ̀ sí, òun ló ń kọ ọ́. Kó má rò ó fún ẹnikẹ́ni.

Tíkẹ́ẹ̀tì owó ìtanràn dé láti ọwọ́ àwọn tó ni ibi ìgbọ́kọ̀sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní kámẹ́rà àwọn rí i pé Jímọ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ọkọ̀ mi kò kúrò lójú kan láti ìrun ọ̀sán títí di ẹ̀yìn Mọ̀gàríbì, pé ó pẹ́ ju bí wọ́n ṣe gbà lọ. Irọ́. Mo kúrò, mo tún padà.

Muminat ọmọ mi — Nọ́ọ̀sì Àgbà ni mò ń pè é nínú ikùn mi — wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ ò sùn lọ sínú mọ́tò? Ẹ lè ti gbàgbé o." Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi lọ.

Àtàláátà, 14
Mo mọ ibi tí mo lọ. Àdúgbò Auburn Gresham nílùú yìí, ilé Sìmíátù, opó tó ń se ẹ̀fọ́ bíi ti oko wa. Báwo ni bàbá ṣe máa sọ fún ọmọ pé òun ń wá ìyàwó? Bí mi ò bá sì sọ, wọ́n á ní mo ti ń ṣarán. Kọ́kọ́rọ́ lọ nìyẹn.

Àlàrùbá, 15
Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Marvin, ẹ̀ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí náà. Mo fẹ́ mọ bí kámẹ́rà wọn ṣe ń ronú. Ó ní, "Pops, nígbà míì, ìwọlé àkọ́kọ́ àti ìjáde ìkẹyìn nìkan ló ń rí." Bí ẹni tó rí àgbẹ̀ lóko láàárọ̀, tó tún rí i nírọ̀lẹ́, tó wá búra pé kò lọ jẹun ọ̀sán. Ó ní kí n mú àwòrán tó fi hàn pé ibòmíì ni mo wà lásìkò náà wá.

Àlàmísì, 16
Mo pe Sìmíátù. Ó rẹ́rìn-ín: kámẹ́rà wà nínú agogo ẹnu ọ̀nà òun! Agogo tí mo kọ̀ láti tẹ̀ — ọmọ àgbẹ̀ kì í tẹ agogo onílé, àgò ló ń ké. Ṣùgbọ́n kí n tó ké e, mo máa ń dúró dá ọ̀rọ̀ mi sọ díẹ̀.

Ṣé kámẹ́rà náà létí?

Àláàdì, 19
Ó létí.

Sìmíátù fi fídíò ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí Muminat. Ọkọ̀ mi hàn, aago hàn, orí mi pé. Lẹ́yìn náà ni ohùn mi jáde: "Sìmíátù, jẹ́ ká jọ darúgbó. Rárá — a ti darúgbó ná. Jẹ́ n tún un sọ."

Muminat rẹ́rìn-ín títí ó fi kúnlẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́. "Dádì, ẹ bá mi kí wọn."

Àtàláátà, 28
Wọ́n fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì. Kò tilẹ̀ jẹ́ nǹkan kan lójú mi mọ́. Mo bi Sìmíátù pé láti ìgbà wo ló ti ń gbọ́ mi. Ó ní láti ìgbà tí ooru ti mú; òun ń dúró kí n sọ ọ́ sójú òun ni. Kí wá ni èsì? Ó ní kí n wá gbọ́ ọ.

Jímọ̀, 31
Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò dá ọ̀rọ̀ kankan sọ. Mi ò ké àgò.

Mo tẹ agogo.