Gèlè tí Mo Fi Bo Ẹ̀rọ Takisí

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo jí? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Àlàáfíà la wà nílé, ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́run á dá ẹ sí fún wa.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ, torí mo pè ẹ́ títí, o ò gbé e. Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí takisí tó o rán wá ṣe dá mi padà sílé láì fojú kan ọmọ-ọmọ mi.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé kejì sí tiwa, ló fà á. Níbi tí mo ti ń di ẹrù ni mo ti ń ṣakọ fún un pé takisí ń bọ̀ wá gbé mi. Ìwọ náà mọ takisí ti ọ̀dọ̀ wa, mọ́tò hẹ́gẹhẹ̀gẹ tá a ti ń jókòó léra wa lẹ́sẹ̀, tí ewúrẹ́ á tún wà ní bùùtù. Tíṣà ní rárá, pé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka owó bí táyà bá ṣe ń yí ló kọ́kọ́ ni orúkọ náà, pé ńṣe ni àwọn òyìnbó gé orúkọ ẹ̀rọ náà kúrú, tí wọ́n wá fi ń pe ọkọ̀, àti pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, owó tí wọ́n bù léèyàn ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Owó ọmọ mi ni wọ́n á máa kà bẹ́ẹ̀ láti ibí dé ọ̀dọ̀ rẹ?

Nígbà tí ọkọ̀ dé, èmi nìkan ni wọ́n gbé sẹ́yìn bí ìyàwó ọba. Mo wá ẹ̀rọ tó ń ka owó náà tì, mo sì bèèrè rẹ̀. Dírẹ́bà ní, Màmá, fóònù iwájú mi yìí ló ń kà á. Mo rò ó pé ohun tí kò bá ríran ò lè ka nǹkan kan. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi, mo tú gèlè mi, mo wé e mọ́ fóònù náà lára, mo ta á ní kókó. Nígbà tó bi mí pé kí lèyí, mo ní oòrùn ń pa á. Ọmọlúàbí ni, kò fẹ́ rí mi fín.

Àṣé fóònù yẹn náà ló ń júwe ọ̀nà fún un! A yà sọ́tùn-ún, a yà sósì, ó wá bi mí bóyá mo mọ̀nà. Mo ní mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, mo sì ń júwe. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni ọ̀nà ilé wa. Bàbá rẹ wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé nígbà tá a dé, ó ní ṣé ọmọ náà jọ òun. Nígbà tá a sì yọ gèlè kúrò, a rí i pé fóònù ti ń ka owó lọ nínú òkùnkùn.

Dírẹ́bà ní èrò míì ń dúró de òun, ó lọ.

Jọ̀ọ́ ọmọ mi, má jẹ́ kí ìyàwó rẹ rò pé mi ò fẹ́ rí ọmọ. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè ra gèlè míì, torí kókó tí mo ta ò tú mọ́, a fi ọ̀bẹ gé e ni. Kó o sì rán takisí míì. Mi ò ní bo fóònù mọ́. Ojú ara mi ni màá fi gèlè bò, mi ò sì ní tú u títí n ó fi gbọ́ igbe ọmọ náà.

Ọlọ́run á jẹ́ kó o jèrè ọmọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ.